Bí A Ṣe Ń Ra Ohun Ìrántí Béésìbọ́ọ̀lù Láì Kó Sọ́wọ́ Oníjìbìtì

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé gbàǹjo Heritage ní Amẹ́ríkà ta jẹ́sì kan ní mílíọ̀nù 24.12 dọ́là. Babe Ruth, olókìkí agbábọ́ọ̀lù ayé àtijọ́, ló wọ̀ ọ́ nínú World Series, ìyẹn àṣekágbá béésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ti ọdún 1932, lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lé lórí títí dòní, pé ó nàka sí ibi tí òun máa gbá bọ́ọ̀lù sí kó tó gbá a síbẹ̀. Aṣọ yìí kan náà ni wọ́n tà ní 2005 ní $940,000. Ọjà náà ti gbówó lórí sí i láti ìgbà yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó fi olówó lọ́kàn balẹ̀ láti kó irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni fọ́tò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà gbé fọ́tò ọjọ́ eré yẹn sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ, wọ́n ń fi wọ́n wéra títí tí kò fi sí iyèméjì mọ́ pé aṣọ tó wà nínú fọ́tò ló wà nílẹ̀.

Ẹ̀rí ni èèyàn ń rà nínú òwò yìí. Igi, awọ àti aṣọ wulẹ̀ ń bá ẹ̀rí náà wá ni. Mo ń kọ èyí fún àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ wa ti sọ eré náà di tiwọn, àti fún ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn tàbí Èkó tó ń wo eBay lóru tí ọwọ́ sì ń yún un.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ojú kan

Ọjà yìí gbòòrò: káàdì, bọ́ọ̀lù, igi tí wọ́n fi ń gbá a, jẹ́sì, fìlà, ìbọ̀wọ́, tíkẹ́ẹ̀tì, kódà iyẹ̀pẹ̀ pápá ìṣeré wà nínú ìgò. Ẹni tó bá ń ra gbogbo rẹ̀ kò ní mọ ọ̀kankan dáadáa, àìmọ̀ yẹn sì ni oníjìbìtì ń jẹ. Ẹ mú ikọ̀ kan, tàbí agbábọ́ọ̀lù kan, tàbí sáà kan. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ní kó ra bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti lò nínú eré ikọ̀ tó sún mọ́ ilé rẹ̀. Bọ́ọ̀lù eré lásán, tí kò sí ohun àrà tó ṣẹlẹ̀ sí, kì í sábà tó ọgọ́rùn-ún dọ́là, ẹ ó sì ti fi kọ́ bí nǹkan gidi ṣe ń rí lọ́wọ́.

Ẹlòmíì á fẹ́ kí ohun tí òun ń kó jọ kan ilé. Demi Orimoloye, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Nàìjíríà tó dàgbà ní Kánádà, ni ikọ̀ Milwaukee Brewers mú ní 2015. Káàdì rẹ̀ kò wọ́n, ọmọdé lè fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ Negro Leagues lọkàn yín fà sí, líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n bá àwọn òyìnbó gbá, ẹ mọ̀ pé nǹkan ibẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ní 2024, MLB, líìgì béésìbọ́ọ̀lù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ka àkọsílẹ̀ líìgì wọ̀nyẹn mọ́ tirẹ̀, Josh Gibson sì bọ́ sókè lórí gbogbo èèyàn nínú ìpíndọ́gba ìgbábọ́ọ̀lù pẹ̀lú .372. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n tí òkìkí rẹ̀ sì ń kàn, ayédèrú rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Ẹ má fi ibẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fetí sí orúkọ tí ẹni tó ń tà á pè é

Tí wọ́n bá kọ "game-used" sí i, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n lò ó nínú eré gan-an. "Game-issued" tàbí "team-issued" jẹ́ ohun tí wọ́n ṣe fún agbábọ́ọ̀lù tàbí fún ikọ̀, bóyá kò kúrò nínú àpótí rí. Ọ̀rọ̀ tó ń mú èèyàn jù ni "authentic" tí wọ́n ń kọ sára jẹ́sì ìsọ̀: ohun tó ń sọ ni pé wọ́n rán an bíi ti àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ wọ pápá. Iye tó wà láàárín àwọn orúkọ yìí lè di ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà ẹ ka àkọlé ọjà náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì bi í léèrè lórí ìwé. Èsì tó wà lórí ìwé ni ẹ lè fi gba owó padà.

Ìgbésẹ̀ 3: Fún ohun tó dé lẹ́yìn 2001, ẹ wá sítíkà MLB

Ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000, ayédèrú ìbuwọ́lù gba ọjà kan débi pé àwọn FBI ní San Diego dọdẹ ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe é, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní Operation Bullpen. Lẹ́yìn ìyẹn ni MLB dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2001. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ní gbogbo eré, ẹlẹ́rìí kan ó kéré tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ọlọ́pàá ni tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí tó jáde láti inú eré ló ń lẹ sítíkà hologram mọ́, nọ́ńbà tirẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí ojú ewé MLB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á sọ ọjọ́ eré, ikọ̀ méjèèjì, lọ́pọ̀ ìgbà á sì sọ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó dúró láti gbá a àti ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ wò níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ṣé ohun tí ojú ewé náà ṣàpèjúwe ló wà lọ́wọ́ yín? Sítíkà gidi lè bọ́ sára nǹkan mìíràn. Wọ́n ṣe é kó máa ya tí wọ́n bá ṣí i, nítorí náà etí tó ti gbó tàbí tó ká sókè jẹ́ àmì ewu. Ìkejì, bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan gbá mú láàárín èrò kì í ní sítíkà yìí, torí ó ti kúrò lójú ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ní òun gbá home run, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá ògiri pápá, mú lọ́wọ́ ara òun lè máa sọ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò ní ẹ̀rí kò yẹ kó gba owó ẹ̀rí. Ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ pé ìtàn fẹ́ ṣẹlẹ̀ nìkan ni MLB máa ń fi bọ́ọ̀lù tó ní àmì ìkọ̀kọ̀ sínú eré. Bọ́ọ̀lù tí Shohei Ohtani, ìràwọ̀ ọmọ Japan, fi pé home run 50 nínú sáà kan ní Miami ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2024 tà ní mílíọ̀nù 4.392 dọ́là.

Àmì kékeré kan tún wà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń fi ẹrẹ̀ kan tí wọ́n ń bù létí omi ní ìhà odò Delaware, ní New Jersey, pa bọ́ọ̀lù lára kó má bàa máa yọ̀. Bọ́ọ̀lù tó funfun báláú tí wọ́n ní ó ti inú eré MLB wá, ẹ dá a padà.

Ìgbésẹ̀ 4: Fún ohun àtijọ́, ẹ jẹ́ kí ọdún bá ọdún mu

Ibí ni iṣẹ́ wà. Kò sí sítíkà fún ohun ọdún 1930, àmọ́ gbogbo ohun tí èèyàn ṣe ló ní ọjọ́ ìbí. Bí ẹnì kan bá mú lẹ́tà wá tó ní bàbá òun kọ ọ́ ní 1965, tí lẹ́tà náà wá ń ka owó ní náírà, kò sí ẹni tó máa yẹ ìkọ̀wé wò kó tó rẹ́rìn-ín, torí ní 1973 ni náírà dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa ṣe sí bọ́ọ̀lù.

Ká ní wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kan síwájú yín, wọ́n ní Babe Ruth fọwọ́ sí i. Ẹ má tíì wo ìbuwọ́lù yẹn. Ẹ yí bọ́ọ̀lù náà títí ẹ ó fi rí òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́. Títí di 1999, orúkọ ààrẹ líìgì máa ń wà lára bọ́ọ̀lù gidi. Líìgì méjì ló wà lábẹ́ MLB. Ní American League, William Harridge wà nípò láti 1931 sí 1959, Joe Cronin gbà á títí di 1973, Lee MacPhail tẹ̀ lé e, kó tó kan Bobby Brown ní 1984. Ní National League, Ford Frick ni láti 1934 sí 1951, Warren Giles tẹ̀ lé e títí di 1969, kó tó kan Chub Feeney. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 1948 ni Ruth kú. Bọ́ọ̀lù tó ní orúkọ Cronin kò tíì sí láyé nígbà tí wọ́n ń sin ín. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, a kò tíì débi ìkọ̀wé.

Ká ní Harridge ni òǹtẹ̀ náà. Ẹ wá wo tàdáwà. Ìparí ọdún 1945 ni báírò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọjà ní New York. Lou Gehrig, tí òun àti Ruth jọ gbá nínú ikọ̀ kan náà, kú ní 1941, nítorí náà ìbuwọ́lù Gehrig tí wọ́n fi báírò kọ kò ṣeé ṣe. Ruth lè fi báírò kọ̀wé ní ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá sọ fún yín pé 1933 ló fọwọ́ sí i, gègé tí wọ́n ń fi tàdáwà sí nínú ló yẹ kí ẹ rí. Ti máákà Sharpie, ní 1964 ló dé. Ẹ fún un ní ẹ̀rín.

Lẹ́yìn náà ni awọ. Awọ ẹṣin ni wọ́n ń lò títí di 1974 tí wọ́n yí sí awọ màlúù. Awọ tó dàgbà lọ́nà gidi kì í ní àwọ̀ kan jálẹ̀: ibi tí oòrùn bá á yàtọ̀ sí ibi tó kọjú sí ògiri, ibi tí ìka ń dì mú á dúdú ju ibòmíì lọ. Èyí tí wọ́n rì sínú omi tíì máa pọ́n káàkiri bákan náà, á sì wọ inú ihò abẹ́rẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti lè dé láéláé. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì UV sí òwú tí wọ́n fi rán an nínú òkùnkùn. Òwú àti bébà ayé òde òní máa ń ní kẹ́míkà tó ń mú kó tàn yanran lábẹ́ rẹ̀. Ti ṣáájú ogun àgbáyé kejì kì í tàn bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìkọ̀wé, ìgbẹ̀yìn ni mo sì máa ń fi í sí, torí òun ni ẹni tó ń ṣe ayédèrú ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́. Ẹ wo bí ọwọ́ ṣe yá tó: ìbuwọ́lù gidi ń sáré, ti ayédèrú ń wárìrì níbi tó ti dúró ronú. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi PSA, JSA àti Beckett ló ń yẹ ìbuwọ́lù wò fún owó, fún orúkọ ńlá ẹ má rà láìsí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ sì rántí pé olóòótọ́ náà lè ta ohun tí kì í ṣe òótọ́: láyé àtijọ́, àwọn ọmọ tó ń gbé igi fún ikọ̀ a máa bá ìràwọ̀ tó rẹ̀ fọwọ́ sí bọ́ọ̀lù. Bàbá àgbà gba bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ ikọ̀ lóòótọ́, kò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Igi

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe igi Louisville Slugger ní Kentucky di Hillerich & Bradsby ní 1916. Igi tó bá ní orúkọ yẹn lára kò lè jẹ́ ti 1910. Títí di 1975, orí kókó ìdí igi ni wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà irú igi tí agbábọ́ọ̀lù fẹ́ sí. Láti 1976 ó bọ́ sí ibi tó sanra. Igi ìsọ̀ tí wọ́n ń tà fún ọmọdé náà ní orúkọ Ruth tàbí ti Mickey Mantle, ìràwọ̀ ikọ̀ New York Yankees láyé àtijọ́, lára, èyí ló sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà bíi 34 nìkan tí wọ́n tẹ̀ sí kókó náà, ìwọ̀n ínǹṣì ni, igi ìsọ̀ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ gbé e sí abẹ́ iná, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Níbi tí bọ́ọ̀lù ti bà á, ẹ ó rí ojú ìrán tó tẹ̀ wọ inú igi, nígbà mìíràn tàdáwà òǹtẹ̀ bọ́ọ̀lù ti lẹ̀ mọ́ ọn ní àyípadà. Oje igi páìnì tí wọ́n ń fi pa á kó má yọ̀ lọ́wọ́ máa ń wà ní ọwọ́ igi; bó ṣe ga sókè tó máa ń bá ìwà agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan mu, fọ́tò sì lè fi hàn. Àwọ̀ tó ha mọ́ ọn láti ibi tí wọ́n ń to igi sí, ojú ìṣó bàtà tó kàn án, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi máákà kọ sí kókó ìdí rẹ̀. Àwọn àmì yìí gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Igi tí ẹ̀gbẹ́ tí ojú bọ́ọ̀lù wà kò bá ọwọ́ tí ẹni tí wọ́n ní ó ni ín fi ń gbá mu, kò tíì rí olówó rẹ̀. Igi tó ya kì í ṣe àbùkù o. Inú eré ni igi ti ń ya, ó sì máa ń dín owó kù fún ẹni tí kò lówó púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Jẹ́sì

Aṣọ onírun àgùntàn ni wọ́n ń wọ̀, nínú oòrùn, títí di oṣù keje 1970 tí Pittsburgh Pirates mú aṣọ tó ń nà dé pápá tuntun wọn, Three Rivers Stadium. Yankees bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà sẹ́yìn aṣọ ní 1929. Chicago White Sox ló kọ́kọ́ fi orúkọ sẹ́yìn, ní 1960, Yankees kò sì fi í sí tiwọn títí di òní, nítorí náà jẹ́sì Yankees tó ní MANTLE lẹ́yìn jẹ́ aṣọ ìsọ̀, láìka ohun tí ìwé rẹ̀ sọ sí. Majestic ló ń rán ti gbogbo ikọ̀ láti 2005 sí 2019, Nike gbà á ní 2020.

Lẹ́yìn ìyẹn, fọ́tò. Ẹ má rò pé olówó nìkan ló lè ṣe é. Àkójọ fọ́tò Getty Images wà ní gbangba, ẹ wá ọjọ́ eré náà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ onílà bíi ti Yankees, ẹ wo ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti pàdé etí lẹ́tà tó wà láyà. Ọwọ́ èèyàn ló gé e, ọwọ́ èèyàn ló rán an, kò sí méjì tí ìlà rẹ̀ máa gba ojú kan náà. Fún aṣọ òde òní tó ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ ka ihò tó wà láàárín igun nọ́ńbà àti ojú ìrán. Ibi tó bá ya tí wọ́n tún rán, àbàwọ́n tí kò jáde, gbogbo rẹ̀ ni àmì ìdánimọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ láìsí ìdí ti tó láti sọ pé kì í ṣe òun. Tí ẹ bá rí ìbáramu, ẹ wá san owó fún MeiGray tàbí Resolution, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi fọ́tò wé aṣọ, kí wọ́n fi orúkọ wọn sí i.

Ìgbésẹ̀ 7: Káàdì

Rúlà àti awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá ti tó. Káàdì T206 tí American Tobacco Company ń fi sínú páálí sìgá láti 1909 sí 1911 jẹ́ ínǹṣì 1 7/16 sí 2 5/8. Topps ọdún 1952, níbi tí káàdì Mickey Mantle tó tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là ní 2022 ti wá, jẹ́ 2 5/8 sí 3 3/4. Láti 1957 ni Topps ti wá sí 2 1/2 sí 3 1/2. Èyí tó bá kéré sí ìwọ̀n rẹ̀ tí etí rẹ̀ sì mú bí abẹ, wọ́n ti gé e. Lábẹ́ awò, lẹ́tà orúkọ lára káàdì àtijọ́ máa ń jẹ́ tàdáwà tó dì. Tí ẹ bá rí i pé àmì tótòtó ló para pọ̀ di lẹ́tà, ẹ̀dà ni.

Àpótí ike tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì, bíi PSA, SGC tàbí Beckett, fi dì í kò sọ pé kí ẹ pa ojú dé. Káàdì Honus Wagner tó lókìkí jù lọ láyé, èyí tí Wayne Gretzky, ìràwọ̀ họ́kì orí yìnyín, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó rà á ní $451,000 ní 1991, gba máàkì 8 nínú 10 lọ́wọ́ PSA. Ní 2013, Bill Mastro tó ti tà á rí jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ayédèrú àpótí náà wà lọ́jà, nítorí náà ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó dì í kí ẹ sì fi fọ́tò ibẹ̀ wé tiyín.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ san owó bó ṣe yẹ

Ní gbàǹjo, iye tí ẹ pè kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Ilé gbàǹjo ń fi owó tirẹ̀ lé e, ó sábà máa ń tó ìdá kan nínú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó kan owó orí àti owó ìfiránṣẹ́. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gbówó sókè. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ bíi ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ kí ojú ewé tí ẹ fi ń sanwó má bàa bu owó tirẹ̀, ẹ sọ fún un pé ọ̀rẹ́ yín wà nílé. Ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ tẹ̀, kò ju rìsíìtì lọ.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìtọ́jú

Ẹ má fọ ohunkóhun. Ẹrẹ̀, oje igi àti òógùn ni ẹ sanwó fún. Aṣọ onírun àgùntàn kò gbọ́dọ̀ so kọ́, ó máa nà. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú àpótí pẹ̀lú bébà tí kò ní ásíìdì, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò nítorí kòkòrò. Ẹ má fi fáníìṣì pa bọ́ọ̀lù. Ike rírọ̀ tó ń rùn, PVC ni, ó máa ń ba káàdì jẹ́. Polypropylene tàbí Mylar ni kí ẹ rà. Oòrùn ń jẹ tàdáwà, kódà iná ọ́fíìsì ń jẹ ẹ́.

Yàrá tó wà ní nǹkan bí 18 sí 21°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà ní ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ló dára. Ní Èkó, nígbà òjò, tí iná kò sì dúró, ìyẹn kò rọrùn: ẹ lo àpótí tó dé pinpin pẹ̀lú àpò silica gel, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sì gbé e sí ògiri tó kọjú síta. Ká sọ tòótọ́, káàdì inú àpótí ike ló máa ń fara dà á jù nílé. Igi àti aṣọ, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ ẹbí tó wà lókè òkun tí ẹ bá ní in.

Ìgbésẹ̀ 10: Àkọsílẹ̀

Ẹ ya fọ́tò ohun kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á, ẹni tó tà á, iye, nọ́ńbà sítíkà, àti èsì tó fún yín lórí ìwé. Adójútòfò ilé lásán kì í sábà san owó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tán, ẹ pè wọ́n kí ẹ béèrè fún èyí tó kan ohun àkójọ ní pàtó. Ẹ fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà sọ́dọ̀ ẹnì kan tí kò bá yín gbé ilé, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tẹlifóònù ilé gbàǹjo tí ẹ fọkàn tán sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, fún ẹni tó bá máa tà á lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí níbẹ̀.